Ọ̀RỌ̀ ILÉ: Ọkọ̀ Àgbà Tí Kò Dáhùn ní Òwúrọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sí ojú ewé yìí lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ti ìdáná tàbí ti ìtọ́jú aṣọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé ni pẹ̀lú, nítorí pé inú àpò ilé ni owó rẹ̀ ti ń jáde. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó ti dàgbà ni, èyí tí olówó rẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́ ní òwúrọ̀ tí kò sì dáhùn.

Àwọn tí ń gbé ní Alímọ̀ṣọ́ kò ní béèrè ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Láti Ìgàndò dé Ìkòtún, láti Ìdímù dé Ẹgbẹ́dá, ọ̀pọ̀ ilé ni ó ní ọkọ̀ kan ní iwájú ilé, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ tọ́kúnbọ̀, ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò ní òkè òkun kí ó tó wọ ìlú wa. Orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun ni a fi ń pè é, kò sì burú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rántí pé ọmọ tí à ń wí yìí ti di àgbàlagbà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá kọ̀ ní agogo márùn-ún àbọ̀ òwúrọ̀, àwọn ọmọ yóò pẹ́ dé ilé ìwé, bàbá yóò pẹ́ dé ibi iṣẹ́ ní Ìkẹjà tàbí ní Erékùṣù Èkó, ẹni tí ó sì ń fi ọkọ̀ náà ṣe kabúkabú yóò pàdánù owó oúnjẹ ọjọ́ náà.

Síbẹ̀, pípẹ́ kọ́ ni ó burú jù. Ohun tí ó burú jù ni owó tí a ń ná nígbà tí a kò tíì mọ àrùn tí ń ṣe ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí á fi bàbá kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọkọ̀ rẹ̀ kọ̀ ní ọjọ́ Ajé; wọ́n ní bátìrì ni, ó ra bátìrì. Ọkọ̀ dáhùn, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ọjọ́rú ó tún kọ̀. Wọ́n ní kíìkì ni, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń yí ẹ́ńjìnnì, ó ra kíìkì. Ní ọjọ́ Ẹtì ó tún kọ̀. Wọ́n ní kí ó lọ ra pọ́ọ̀ńpù epo. Nígbà tí owó tán, ẹnìkan fi ọwọ́ kan wáyà dúdú tí ó ti orí bátìrì lọ sí ara ọkọ̀, ó rí i pé ó ti dógùn-ún, ó sì ń mì. A ha á, a dè é le, ọkọ̀ sì dáhùn láìjanpata. Kò sí àrùn kankan nínú bátìrì àtijọ́, kò sí nínú kíìkì àtijọ́. Ṣùgbọ́n owó ilé ìwé ọmọ kan ti bá ọ̀nà yẹn lọ. Ẹ bi ara yín bóyá irú nǹkan báyìí kò tíì ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò yín.

Ohun mẹ́ta tí ọkọ̀ ń fẹ́

Bí ara ẹ́ńjìnnì bá ṣì yè, ohun mẹ́ta péré ni ó ń fẹ́ kí ó tó dáhùn. Èkínní ni ìyí, kí ohun kan yí i pẹ̀lú agbára. Èkejì ni iná, kí púlọ́ọ̀gì máa ta iná ní àkókò rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni epo pẹ̀lú afẹ́fẹ́, ní ìwọ̀n tí ó yẹ. Gbogbo ìwádìí tí mẹ́káníìkì ń ṣe, ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí ni ó ń wá.

Ní ayé àtijọ́, ọwọ́ ni a fi ń yí ẹ́ńjìnnì, pẹ̀lú irin tí a ń kì bọ iwájú ọkọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ta padà, irin náà a máa ṣẹ́ ènìyàn lọ́wọ́. Ní ọdún 1912 ni ilé iṣẹ́ Cadillac ní Amẹ́ríkà gbé ọkọ̀ jáde tí ó ní ẹ̀rọ iná tí ń yí ẹ́ńjìnnì, iṣẹ́ ọwọ́ Charles Kettering. Bátìrì tí ń fún ẹ̀rọ náà ní agbára ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Gaston Planté, ni ó ṣe bátìrì olójèé pẹ̀lú ásíìdì ní ọdún 1859, ọdún kan náà tí Ìwé Ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní Abẹ́òkúta. Láti ìgbà náà, bátìrì ti yí ìrísí padà, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ kò yí padà: a gbọ́dọ̀ bọ́ ọ, a gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ojú rẹ̀ mọ́, kò sì fẹ́ ooru.

Ẹ kọ́kọ́ fi etí sílẹ̀

Àwọn àgbà ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣí bónẹ́ẹ̀tì, kí ó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì gbọ́ ohùn tí ọkọ̀ ń sọ.

Bí ọkọ̀ bá dákẹ́ pátápátá, tí iná kankan kò sì tàn ní iwájú awakọ̀, bátìrì ti kú tàbí wáyà rẹ̀ ti bọ́. Bí ó bá ń dún ká-ká-ká-ká léraléra, iná díẹ̀ wà nínú bátìrì, ṣùgbọ́n kò tó iṣẹ́, tàbí kí ẹnu ibi tí wáyà ti so mọ́ bátìrì dọ̀tí. Bí ó bá dún kọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ó sì dákẹ́, ẹ fura sí kíìkì àti wáyà rẹ̀. Bí ó bá ń yí dáadáa, wìn-ìn-wìn-ìn, tí kò sì mú, ẹ má ṣe ra bátìrì. Bátìrì ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, iná púlọ́ọ̀gì tàbí epo ni ẹ ó wá lọ. Ohùn karùn-ún kan sì wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀: bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí kánkán ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, bí ẹni pé kò ru ẹrù kankan, ó lè jẹ́ pé bẹ́líìtì inú rẹ̀ ni ó já. Ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì mìíràn, bí a bá ń yí i bẹ́ẹ̀, irin inú rẹ̀ yóò máa gbá ara wọn, àtúnṣe kékeré yóò sì di ńlá.

Ohun méjì sì tún wà tí kò ná ni ní kọ́bọ̀. Ọkọ̀ tí ń yí jíà rẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í dáhùn bí jíà kò bá sí ní P tàbí N. Ẹ gbé e lọ sí N kí ẹ tún dán an wò. Bí àwòrán kọ́kọ́rọ́ bá sì ń ṣẹ́jú ní iwájú yín, ọkọ̀ náà kò dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ̀ ni. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ kejì wá kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.

Bátìrì àti àwọn wáyà rẹ̀

Ìdánwò kan wà tí ìyá ilé pẹ̀lú lè ṣe. Ẹ tan iná iwájú ọkọ̀, kí ẹnìkan dúró síbẹ̀ láti máa wò ó, kí ẹlòmíràn sì yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná bá rẹ̀wẹ̀sì tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, kò sí agbára nínú bátìrì, tàbí agbára wà tí kò rí ọ̀nà kọjá. Bí iná bá dúró gbọnin láìrẹ̀wẹ̀sì rárá tí ẹ́ńjìnnì kò sì yí, agbára wà, ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ kíìkì.

Ẹni tí ó bá ní mítà tí a fi ń wọn iná lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bátìrì tí ó yó, tí ó sì ti sinmi, yóò fi nǹkan bí 12.6 hàn. Bí ó bá sún mọ́ 12.0, ebi ń pa á gan-an. Nígbà tí a bá ń yí ẹ́ńjìnnì, kò yẹ kí ó lọ sí ìsàlẹ̀ 9.6. Nígbà tí ọkọ̀ bá sì ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí ó wà láàrin 13.8 àti 14.5, bí kò bá gòkè dé ibẹ̀, alternator tí ń bọ́ bátìrì kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀, bátìrì tuntun tí ẹ bá sì rà yóò kú bí ti àkọ́kọ́.

Ní ti wáyà dúdú tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi ẹnu mítà kan sí orí bátìrì ní ìhà dúdú, ẹ fi èkejì sí irin ẹ́ńjìnnì tí kò ní ọ̀dà, kí ẹnìkan sì yí kọ́kọ́rọ́. Bí mítà bá fi ohun tí ó ju 0.5 hàn, wáyà náà ni ó ń jí iná. Ìdánwò yìí kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, òun ni ìbá sì gba bàbá àpẹẹrẹ wa sílẹ̀.

Bí ìpẹtà funfun tàbí aláwọ̀ ewé bá bo orí bátìrì, ẹ tú wáyà dúdú kọ́kọ́, lẹ́yìn náà pupa. Ẹ da omi gbígbóná pẹ̀lú sódà tí a fi ń yan àkàrà òyìnbó sí i, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ó wọ inú bátìrì. Ẹ fi sáńdípépà ha á títí irin yóò fi dán. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, pupa ni ẹ ó kọ́kọ́ dè, dúdú ni yóò kẹ́yìn. Kí àwọn ọmọdé jìnnà síbẹ̀, nítorí ásíìdì ni ó wà nínú bátìrì. Bí ó bá ta sí ẹnikẹ́ni lójú, ẹ fi ọ̀pọ̀ omi mímọ́ ṣan ojú náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìdáwọ́ dúró, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kí ẹ má ṣe fi epo tàbí àgbo kankan sí i.

Yíyá iná lọ́wọ́ ọkọ̀ mìíràn

Èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní jọ́ńpù dára, ṣùgbọ́n ó ní ètò, ẹni tí ó bá sì da ètò náà rú ń fi ojú ara rẹ̀ wéwu. Bátìrì a máa mú afẹ́fẹ́ kan jáde tí iná tètè ń ràn. Bí iná bá ta lẹ́bàá rẹ̀, bátìrì lè bú gbàmù kí ásíìdì sì fọ́n ká. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu sìgá níbẹ̀. Ẹ fi wáyà pupa sí ìhà pupa bátìrì tí ó kú, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ kejì sí ìhà pupa bátìrì tí ó yè. Ẹ fi wáyà dúdú sí ìhà dúdú bátìrì tí ó yè, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ìkẹyìn, ẹ má ṣe fi sí orí bátìrì tí ó kú. Irin ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà, ní ibi tí ó jìnnà sí bátìrì, ni kí ẹ fi sí. Bí ọkọ̀ bá dáhùn, ẹ tú wọn láti ìkẹyìn wá sí àkọ́kọ́.

Bí ọkọ̀ bá jẹ́ oníkílọ́ọ̀ṣì, a lè tì í: jíà kejì, ẹsẹ̀ lórí kílọ́ọ̀ṣì, kí a yí kọ́kọ́rọ́ sí ipò iṣẹ́, kí àwọn ènìyàn tì í, kí a sì jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì nígbà tí ó bá ti ń yára. Ọkọ̀ tí ń yí jíà fúnra rẹ̀ kò ṣeé tì báyìí. Bí a tilẹ̀ tì í láti Ìkòtún dé Ìyànà Ìpájà, òógùn lásán ni. Ní ọ̀nà gbogbo, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yí kọ́kọ́rọ́ ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì jẹ́ kí kíìkì sinmi fún ìṣẹ́jú kan. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nígbà tí ó ń yí tí kò mú

Ní àkókò òjò, ẹ kọ́kọ́ wo omi. Nínú ọkọ̀ àtijọ́, ìkùukùu omi a máa wọ inú ìdérí tí ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì, iná yóò sì ṣìnà. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún nínú àti lóde. Àwọn àgbà tí wọ́n lo ọkọ̀ ìjàpá, èyí tí Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí tò ní Ọ̀jọ́ ní ọdún 1975, tàbí Peugeot 504 tí a ń tò ní Kàdúná láti ọdún kan náà, kò ní ṣàì rántí kọ́ńtáàtì, irin kékeré méjì tí ń pàdé tí wọ́n sì ń pínyà, tí àlàfo àárin wọn nínú ìjàpá jẹ́ 0.4 mílímítà péré. Bí ó bá jóná tàbí tí àlàfo náà bá pa dé, ọkọ̀ yóò kọ̀.

Àwọn ọkọ̀ tí ó tẹ̀lé wọn kò ní kọ́ńtáàtì mọ́. Ẹ̀rọ kékeré kan ni ó ń sọ fún ọkọ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, ooru a sì máa mú un dákẹ́. Àmì rẹ̀ ni pé ọkọ̀ yóò kú nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀sán, yóò kọ̀ fún bí ààbọ̀ wákàtí, lẹ́yìn tí ó bá tutù yóò dáhùn bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹ sọ àmì yìí fún ẹni tí ń tún un ṣe, nítorí ìgbà tí ọkọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ara rẹ̀ ti lè yá.

Ní ti epo, ẹ má ṣe gba ìtọ́ka tí ń fi ìwọ̀n epo hàn gbọ́ tán. Nínú ọkọ̀ àgbà, a máa purọ́. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ipò iṣẹ́ láìyí ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì tẹ́tí sí ẹ̀yìn ọkọ̀: nínú ọ̀pọ̀ tọ́kúnbọ̀, pọ́ọ̀ńpù yóò kùn fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì. Bí kò bá kùn, ẹ wo fíúsì rẹ̀ kí ẹ tó ra pọ́ọ̀ńpù. Bí òórùn epo bá gba ibẹ̀ kan, ẹ́ńjìnnì ti mu epo yó. Ẹ tẹ ẹsẹ̀ epo mọ́lẹ̀ pátápátá láìgbé e sókè, kí ẹ yí i fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ bi ara yín léèrè pẹ̀lú pé, níbo ni a ti ra epo kẹ́yìn? Ní oṣù Kejì ọdún 2022, àwọn aláṣẹ kéde pé epo tí a kó wọlé láti òkè òkun ní methanol ju ìwọ̀n tí òfin ilẹ̀ wa gbà lọ, wọ́n sì pàṣẹ kí a yọ ọ́ kúrò lọ́jà. Methanol a máa fa omi mọ́ra, a sì máa jẹ àwọn rọ́bà àti irin kan. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ara wọn le ni ó dákẹ́ nígbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ra púlọ́ọ̀gì àti pọ́ọ̀ńpù, nígbà tí ó jẹ́ pé epo ni àrùn. Bí ẹ bá fura sí epo inú jálá, ẹ bù díẹ̀ sínú ìgò tí ó mọ́ gaara, kí ẹ jẹ́ kí ó sinmi. Bí omi bá wà nínú rẹ̀ yóò sọ̀kalẹ̀ sí ìdí ìgò, nítorí epo fúyẹ́ ju omi lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ẹnu fa epo, ẹ má ṣe tan àbẹ́là láti wò ó, ẹ má sì ṣe tọ́jú jálá epo sí abẹ́ ibùsùn tàbí sí ilé ìdáná.

Àwa àti mẹ́káníìkì wa

A fẹ́ sọ òtítọ́ kan tí kò dùn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń bú mẹ́káníìkì pé ó ń mú ni ra ohun tí kò yẹ, ṣùgbọ́n àwa oníbàárà ni a kọ́ wọn ní ìwà náà. Bí mẹ́káníìkì bá fi wákàtí kan ṣe ìwádìí, tí ó sì rí i pé wáyà kan ni ó tú, a óò ní, "Ṣé èyí náà ni o fẹ́ gba owó lé lórí?" Bí ó bá sì yọ kíìkì tí ó fi òmíràn sí i, a ó san owó láìjiyàn, nítorí pé ojú wa rí irin tuntun. Ẹni tí kò fẹ́ sanwó fún ìmọ̀ yóò sanwó fún irin. Ẹ jẹ́ kí á sọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wádìí rẹ̀, a ó san owó ìwádìí lọ́tọ̀." Lẹ́yìn náà kí á bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Kí ni ẹ rí tí ẹ fi mọ̀ pé òun ni?" Ọ̀gá tí ó mọ iṣẹ́ kì í bínú sí ìbéèrè yìí, yóò fi hàn yín. Bí ó bá pààrọ̀ ohun kan, ẹ gba ti àtijọ́ padà kí ẹ sì rí i.

Àwọn ọkọ̀ tí a tà ní Amẹ́ríkà láti ìgbà tí a ti ṣe ti ọdún 1996 ní ojú ibi kan lábẹ́ ìdarí ọkọ̀, tí a ń ki ẹ̀rọ ìwádìí bọ̀ láti ka ohun tí ọkọ̀ ń rò. Ó wúlò púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ náà ń sọ ni ibi tí ó ti ń dun ọkọ̀; kì í sọ ohun tí ó fa ìrora náà. Ẹni tí ó ka nọ́ńbà tí ó sì sáré lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Mushin láti ra ohun tí nọ́ńbà náà dárúkọ kò tíì ṣe ìwádìí.

Ní ìparí, ẹ kó àwọn nǹkan wọ̀nyí sí ẹ̀yìn ọkọ̀: wáyà jọ́ńpù tí ó nípọn, sípánà 10 tí ó bá orí bátìrì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Japan mu, sáńdípépà, aṣọ gbígbẹ, tọ́ọ̀ṣì, àti ìwé kékeré kan. Nínú ìwé náà ni kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ra bátìrì sí, ọjọ́ tí ọkọ̀ kọ̀, ohùn tí ó sọ, àti ohun tí ó wò ó sàn. Bàbá tí ó bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ní ra ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì láàrin ọdún kan, ìyá ilé yóò sì mọ ibi tí owó lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí ẹ̀mí bá wà, a ó sọ̀rọ̀ lórí táyà àti bí a ṣe ń mọ̀ pé ó ti gbó ju ohun tí ojú rí lọ. Ó dìgbà náà.